Télọ̀ tí wọ́n fi téèpù wọn ẹ̀yìn ẹ̀: ilé físíò kan ní Bódìjà

Rukúù ló gbé mi dé ilé físíò, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé tó bá ń dun èèyàn. Kì í ṣe pé ìrora ò sí o, ìrora ti wà níbẹ̀ láti bí ọdún méjì, mo ti ń bá a gbé bí ayálégbé tí kì í sanwó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní mọ́sáláṣí wa ní Mọ́kọ́lá, a tẹ̀ sí rukúù, mo wá rí i pé orúnkún mi méjèèjì ti ká, ẹ̀yìn mi wú sókè bíi ti ahun, ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tó máa dì mú, bẹ́ẹ̀ bàbá tó wà lápá ọ̀tún mi, tí wọ́n á ti lé ní ẹni ọdún 75, ẹ̀yìn tiwọn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Nígbà tí a ṣe sàlámà tán, bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Télọ̀, ẹ̀yìn ẹ ti dàgbà jù ẹ́ lọ o." Ẹni ọdún 41 ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀yìn gan-an lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi á ti mọ ohun tí mò ń sọ. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí àpótí ni mo wà, orúnkún ká, ẹ̀yìn tẹ̀, orí wọnú máṣíìnì, tó bá wá di àsìkò Iléyá ẹ má wulẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ oorun. Tí mo bá fẹ́ dìde màá kọ́kọ́ fọwọ́ ti máṣíìnì, màá dúró ní ìlàjì, màá mí, kí n tó wá na ìyókù. Ìyàwó mi ní ohùn tí mò ń mú jáde nígbà tí mo bá ń dìde, bíi ti géètì tó ti dógùn-ún ni.

Ohun tí mo ti ṣe kí n tó lọ pọ̀. Àgbo jẹ̀dí, mo mu ún. Òpá ẹ̀yìn, mo mu ún débi pé ìyá alágbo ti mọ ohùn mi lórí fóònù (èyí tí wọ́n fi omi sè ni o, kì í ṣe ti ògógóró, kí àwọn álífà má bú mi). Wọ́n ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀dí, kí n jáwọ́, mo jáwọ́, odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń mu tíì kíkorò, ẹ̀yìn ò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Aboniki, mo fi ń pa ara títí tí àwọn kọ́sítọ́mà fi ń béèrè pé ta ló ń ṣàìsàn ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, mo máa ń ní kí wọ́n gun ẹ̀yìn mi lálẹ́, ìyẹn máa ń dùn mọ́ mi gan-an ni, ṣùgbọ́n kò ní ju wákàtí kan lọ, a tún ti padà síbi tí a ti ń bọ̀.

Kọ́sítọ́mà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wa pé aṣọ tí ẹ ò bá wọn ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ ò lè gé e, ta ló ti wọn ẹ̀yìn yín kí ẹ tó máa da àgbo sí i?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìbàdàn la wà, físíò ò wọ́n wa níbí, University of Ibadan ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ láti 1966, ilé ìwòsàn ńlá UCH náà sì wà nílẹ̀. Mo yàn láti lọ sí ti aládàáni kan lágbègbè Bódìjà torí pé wọ́n máa ń ṣí di aago méje alẹ́, mo lè ti ṣọ́ọ̀bù kí n tó lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹjọ́ wà tí mo fẹ́ rò níwájú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè mí lórí fóònù. ₦10,000 ni owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn ₦7,000. Ibẹ̀ mọ́, fáànù ń fẹ́, wọ́n fi ìwé àṣẹ MRTB, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń fún àwọn físíò ní láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ẹ máa wo ìyẹn o kí ẹ tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni, torí ayé tí a wà yìí, ẹni tó bá ra máṣíìnì ìwọ́ra lónìí, lọ́la ó ti di físíò.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni wọ́n fún mi, mò ń pè é ní dókítà, ó ní rárá sà, físíò ni mí. Bí ogún ìṣẹ́jú ló fi ń bi mí ní ìbéèrè láì fọwọ́ kàn mí, inú ti fẹ́ máa bí mi, mo ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo san ₦10,000 fún? Ibo gan-an ló ń dùn, ṣé ó máa ń jí mi lóru, ṣé ó máa ń sáré lọ sí ẹsẹ̀, ṣé ó máa ń kọjá orúnkún. Ó wá béèrè bóyá ìtọ̀ máa ń ṣòro fún mi, tàbí ó ń jáde láìmọ̀, bóyá abẹ́ mi níbi tí a fi ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ máa ń kú. Ojú tì mí. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ni màá kọ fún yín kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lálẹ́ òní, mi ò ní fọwọ́ kàn yín rárá." Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fọkàn tán an.

Lẹ́yìn náà ló mú téèpù jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ibí yìí, torí èmi tí mò ń wọn èèyàn láti ọdún 20 sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó wọ̀n mí rí. Ó ní kí n dúró, kí n ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ó fi àtàǹpàkò wá ihò kékeré méjì tó wà lókè ìdí lápá ọ̀tún àti òsì, ó fi báírò fa ìlà sí àárín wọn, ó wọn 10 sẹ̀ǹtímítà lọ sókè, ó sàmì síbẹ̀, ó wọn 5 wá sísàlẹ̀, ó sàmì. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 15, ká sọ pé ínǹṣì mẹ́fà ó dín ṣín-ún. Ó di téèpù mú mọ́ àmì méjèèjì, ó ní kí n tẹ̀ síwájú bí agbára mi bá ṣe mọ, kí n má ká orúnkún. Ó ní bí èèyàn bá ń tẹ̀, àwọn eegun ẹ̀yìn á máa ṣí kúrò lára ara wọn, awọ á nà tẹ̀lé wọn, ó yẹ kí 15 yẹn di 20 ó kéré tán. Tèmi dé 17 àtààbọ̀, ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́.

Bó ṣe ń wọ̀n mí, èmi ń wo téèpù ẹ̀. Téèpù náà ti gbó. Àwa télọ̀ mọ̀ pé téèpù onírọ́bà tó bá ti pẹ́ máa ń nà, tó bá ti nà, ohun tó jẹ́ 20 á máa kà á sí 19 àtààbọ̀. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sẹ́ni tó bá òun wí lórí téèpù rí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo mú tuntun kan lọ fún un láti inú dúrọ́ọ̀ mi.

Ó tún ní kí n dùbúlẹ̀, kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi kọ̀ọ̀kan sókè láìká orúnkún, ó ń fi rúlà oníṣíṣí kan bíi ti àwọn ọmọ tó ń ṣe maths wo bó ṣe ga tó. Ọ̀tún dé digirì 50, òsì dé 60, ó ní tó bá dé 80 báyìí ló dáa. Ẹ̀yìn itan mi ń gbọ̀n rìrì. Ó wá ní kí n dìde jókòó, kí n ká ẹ̀yìn, kí n dorí kodò, kí n na orúnkún, ó bá fà lẹ́yìn itan. Ó ní ó dáa, ẹ gbé orí sókè, ẹ wo sílíìnì, ṣé ó dín kù? Mo ní kò yí padà. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó dín kù bí mo ṣe gbórí ni, á jẹ́ pé nerve (okùn tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara) tó gba ẹ̀yìn itan lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń fà, nerve tí inú sì ń bí, a kì í fi agbára nà án, ṣe ló máa ń bínú sí i. Èyí tó fà láìka orí sí, iṣan ni. Ẹ wo bí gbogbo àwọn tó ń sọ fún mi lójú pópó pé "na ẹsẹ̀ ẹ" ò ṣe mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà.

Àlàyé tó ṣe fún mi rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ. Iṣan mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní hamstring, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara eegun tí a fi ń jókòó, wọ́n gba ẹ̀yìn itan, wọ́n sì so mọ́ ìsàlẹ̀ orúnkún. Tí a bá fẹ́ tẹ̀, eegun ìbàdí ló yẹ kó yí síwájú lórí itan. Bí àwọn iṣan yẹn bá ti le, wọ́n á di ìbàdí mú látẹ̀yìn, ìbàdí ò ní lè yí, àwọn eegun márùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wá máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fúnra wọn. Mo ní haa, mo mọ̀ ọ́n, bíi ṣòkòtò tí ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú ni, tí èèyàn bá tẹ̀, ìdí ló máa fà, tí kò bá sì rí ibi fà, ó máa ya. Ó ní gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá ní, "Ṣé hamstring ló wá ń dá ẹ̀yìn mi lóró nígbà náà?" Mo rò pé á ní bẹ́ẹ̀ ni kó lè gbowó. Ó ní rárá o, òun ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kan wà tí ẹ̀yìn itan wọn le bí igi tí ẹ̀yìn ò dùn wọ́n rí, àwọn kan sì wà tó lè tẹ̀ kí orí wọn kan orúnkún, tí wọn ò lè sùn nítorí ẹ̀yìn. Ó ní ohun tí òun rí ni pé ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn itan, méjèèjì ti le lára mi torí pé ojú kan ni mo ń jókòó sí, a ó tú méjèèjì sílẹ̀, a ó wò ó. Ẹni tó ń tajà kì í sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ìtọ́jú ọ̀hún fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé páàdì gbígbóná lé èèyàn lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún lẹ máṣíìnì kan mọ́ ọ tó ń ta ṣín-ín-ṣín-ín bí ìgbà tí ìjàlọ ń rìn lára. Ó dùn o, mo sùn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, torí ìyẹn kọ́ ni mo ṣe ń san ₦7,000. Ohun tó ṣe iṣẹ́ ni ìgbà tó gbé gìgísẹ̀ mi lé èjìká ara ẹ̀, ó ní kí n fi gìgísẹ̀ ti èjìká òun wá sísàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ borí òun, ó ka ení, èjì dé ẹ̀fà, ó ní ó tó, ẹ dẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe dẹ̀ ẹ́ báyìí ló rọra ti ẹsẹ̀ náà lọ sókè, ó sì lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, ẹsẹ̀ ti kúrò ní 50 ó dé 58 lójú mi. Mo ní ṣé iṣan ti gùn nìyẹn? Ó ní rárá sà, kò tíì gùn, ọpọlọ yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà pé kò séwu níbẹ̀, kó tó di pé ara gbà á tán, ilé lẹ ti máa ṣe é, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Iṣẹ́ ilé wá dé. Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé fírémù ìlẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí èkejì nà sílẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹ ka 30, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ní ẹni tó bá di tiẹ̀ mú fún odidi ìṣẹ́jú kan, èrè tó máa jẹ níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni tó ka 30 lọ, kí n má fi ìyà jẹ ara mi lásán. Kí n má sì máa tẹ̀ kí n máa fò bọ̀n-ùn bọ̀n-ùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní iléèwé. Ibi tí mo ti ń ṣe é ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sí fírémù tó ga tó nílé. Ọjọ́ Tuesday kan báyìí, ẹsẹ̀ mi wà lókè, mo ti ka 22, ìyá kan tó fẹ́ ran aṣọ ìyàwó ọmọ wọn dé, wọ́n gbé báàgì léèsì lọ́wọ́, wọ́n rí mi nílẹ̀, wọ́n figbe ta, "Yéè! Télọ̀ ti ṣubú o!" Kí n tó sọ pé eré ìdárayá ni, àwọn alágbàṣe ilé kejì ti wọlé, ẹnì kan ti bu omi.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni kẹ́gì. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló ní kí n wá kẹ́gì lítà 5 méjì, kí n pọn omi kún un, kí n mú ọ̀kan dání lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí n ká orúnkún díẹ̀, kí n ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ìlẹ̀kùn, ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ká, kí n rọra máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ̀yìn itan á fi fà, kí n tún dìde. Kó lè dá mi lójú pé ẹ̀yìn ò ká, ó fi ọ̀pá mọ́ọ̀pù lé mi lẹ́yìn, ó ní ó gbọ́dọ̀ kan ìpàkọ́, kó kan àárín èjìká, kó kan ìdí, ibi tó bá ti kúrò, ibẹ̀ ni mo ti ń ká. Mo ní ẹni tí iṣan ẹ̀ le, ẹ tún ń gbé ẹrù fún un? Ó ní iṣan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń nà, ìyẹn náà máa ń mú un gùn, ó sì máa ń ní agbára níbi tó ti gùn dé. Òótọ́ ni o. Kẹ́gì yẹn ni mo rí ìyàtọ̀ lára ẹ̀ jù.

Fún ẹ̀yìn fúnra ẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n fọwọ́ tẹlẹ̀, kí n wú ẹ̀yìn bíi ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kí n tún jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, bíi mẹ́wàá. Mo bi í nípa àsùbáà, torí ó ti sọ pé òru la fi ń fi omi kún àárín àwọn eegun ẹ̀yìn, kí n má ṣe nínà tó le láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí mo bá jí. Ó ní kírun yín sà, kò sí ohun tó ṣe rukúù, ẹ ṣáà rọra ká orúnkún díẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi nínà sí ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́. Rákà 17 la máa ń kí lójúmọ́, rukúù 17, tí mo bá ń ti ìdí sẹ́yìn dáadáa nínú gbogbo ẹ̀, ìyẹn nìkan ti ń kọ́ ara mi.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Àkọ́kọ́, àdéhùn aago márùn-ún, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n pè mí, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ má bínú. Kọ́tìnnì ló pín àwọn bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ohun tí bàbá ẹ̀gbẹ́ mi ń sọ nípa ìdí wọn ni mo gbọ́ tán. Ọmọbìnrin tó ń gbowó níwájú kò jẹ́ kí n sinmi lórí páckéèjì, ìgbà 12 fún ₦72,000, bẹ́ẹ̀ físíò fúnra ẹ̀ ti sọ fún mi nínú pé mẹ́fà á tó fún mi tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ ilé. Èyí tó wá bí mi nínú jù: lọ́jọ́ kẹta, físíò mi wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ọmọkùnrin kan ló wá gbé páàdì gbígbóná lé mi, tówẹ̀lì fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló fi wé e, mo ní ó gbóná, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ fara dà á. Mo fara dà á. Ó jó mi. Ìléròrò bíi owó náírà kan àtijọ́ yọ síbẹ̀, àmì ẹ̀ ṣì wà. Físíò bẹ̀ mí, ó bá ọmọ náà wí níwájú mi, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ibẹ̀ gba ₦7,000 wọn lọ́jọ́ náà láì dín kọ́bọ̀.

Ìgbà mẹ́fà ni mo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ₦52,000 ni gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú owó àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí a parí, mo ní téèpù àtijọ́ ni kó fi wọ̀n mí o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé téèpù tuntun ló là mí. 19 àtààbọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dé 70, òsì 75. Ìrora ò tán pátá, tí mo bá jókòó ti léèsì fún wákàtí mẹ́ta láìdìde, ó máa ń padà wá kí mi, torí náà mo ti gbé pákó sábẹ́ àpótí mi kó lè ga sí i, mo sì fi fóònù ṣe aláàmù tó ń dún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n dìde. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kórìíra aláàmù yẹn. Bàbá mọ́sáláṣí ò tíì sọ nǹkan kan.

Tí wọ́n bá ní kí n fi máàkì sí i nínú mẹ́wàá, físíò yẹn gba mẹ́sàn-án, ilé iṣẹ́ náà gba márùn-ún. Èmi á tún padà lọ, torí ẹ̀ nìkan. Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gbìyànjú irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wò yín wò yín dáadáa kó tó fọwọ́ kàn yín, ẹ san owó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbàgbé páckéèjì. Ẹ wọ ṣòkòtò tó fẹ̀, kì í ṣe jíǹsì. Kí ẹ sì mú tówẹ̀lì tó nípọn dání láti ilé, méjì tí ẹ bá ní.